Kikunae Ikeda: Ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Japan tó wá ìdí adùn ọbẹ̀ dé inú ìkòkò

Àwọn àgbà wa ló máa ń sọ pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Kò sí ìyá tó ń lọ sọ́jà tí kò mọ ìtumọ̀ òwe yìí. Bí owó bá wà, ẹran á wà, ẹja á wà, edé á wà, ọbẹ̀ á sì dùn. Bí owó ò bá sí, omi àti ata lásán ni.

Àmọ́ ọkùnrin kan wà nílẹ̀ Japan, tó ti kú láti ọdún 1936, tó wádìí bóyá ọ̀nà mìíràn wà tí ọbẹ̀ tálákà fi lè dùn. Kikunae Ikeda lorúkọ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ má gbọ́ orúkọ náà rí, ṣùgbọ́n agbára káká la fi máa rí àdúgbò kan ní Ìbàdàn, Òṣogbo, Abẹ́òkúta tàbí Èkó tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kò tíì wọ ilé ìdáná. Òun ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ṣàwárí ohun funfun wínníwínní tí gbogbo wa mọ̀ sí Ajinomoto.

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ẹ jẹ́ ká jọ wo ìgbésí ayé bàbá yìí: ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ohun tó rí nínú ìkòkò ilé rẹ̀, ìdí táwọn èèyàn fi ń bẹ̀rù ohun tó ṣe, àti ohun tí ẹni tó ń dáná nílé lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ta ni Kikunae Ikeda?

Ọjọ́ 8, oṣù Kẹwàá, ọdún 1864 ni wọ́n bí Ikeda ní ìlú Kyoto. Ọmọ samurai ni, ìyẹn àwọn ìdílé jagunjagun tó ń gba owó àti ìrẹsì lọ́wọ́ àwọn olóyè ńlá ilẹ̀ Japan láyé àtijọ́. Agbègbè Satsuma, ní ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ni ìdílé bàbá rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá.

Ayé yí padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọmọ ọdún 3 péré ni Ikeda nígbà tí ìjọba àtijọ́ ṣubú lọ́dún 1868, tí àkóso ìlú padà sọ́wọ́ ọba. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fòpin sí owó tí àwọn samurai ń gbà. Ọ̀pọ̀ ìdílé táwọn èèyàn ń tẹrí ba fún tẹ́lẹ̀ wá di ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́.

Ohun kan tún wà nípa Kyoto tó yẹ ká mọ̀, torí ó kan ìtàn yìí. Ìlú náà kò sí létí òkun, ẹja tútù kì í sì í pọ̀ níbẹ̀ láyé ìgbà yẹn. Ewé òkun gbígbẹ kan tí wọ́n ń pè ní kombu ni wọ́n gbára lé. Láti Hokkaido ní àríwá pátápátá ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó o wá. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á rọra gbé e kaná, omi yẹn ni wọ́n á sì fi se ọbẹ̀, bí àwa náà ṣe ń lo omi ẹran. Dashi ni wọ́n ń pe omi náà. Inú adùn dashi ni Ikeda dàgbà sí.

Ẹni tó ta ibùsùn rẹ̀ torí ìwé

Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ní Osaka, ẹ̀kọ́ kẹ́místìrì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ó fẹ́ lọ kàwé sí i ní Tokyo, àmọ́ owó ọ̀nà ò sí nílẹ̀. Wọ́n ní ńṣe ló ta ibùsùn tó ń sùn lé kó tó rówó gbéra. Ẹ ò rí i pé ìyà ìwé ò bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ìyà náà ò jẹ gbé. Ọdún 1889 ló parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ nípa kẹ́místìrì ní Yunifásítì Ọba tó wà ní Tokyo. Ó ṣe olùkọ́ fún ìgbà díẹ̀, ó sì padà sí yunifásítì náà lọ́dún 1896 gẹ́gẹ́ bí igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n. Lọ́dún 1899, ìjọba rán an lọ sí Leipzig ní Jámánì, níbi tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Wilhelm Ostwald, ẹni tó padà gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ kẹ́místìrì lọ́dún 1909.

Yàtọ̀ sí ìwé, nǹkan mìíràn tún wọ̀ ọ́ lójú ní Jámánì. Ó rí i pé àwọn èèyàn ibẹ̀ síngbọnlẹ̀, ara wọn le, ẹran àti wàrà ò sì jìnnà sí wọn. Ó rántí àwọn èèyàn tirẹ̀ nílé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ díẹ̀ gbé ọjọ́ dé alẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọra. Láti ìgbà yẹn ló ti ń ro bí oúnjẹ àwọn ará Japan ṣe lè sunwọ̀n sí i.

Kó tó padà sílé, ó dúró ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1901, ó sì gbé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ilé kan náà pẹ̀lú Natsume Soseki, tó padà di ọ̀kan lára àwọn òǹkọ̀wé tó lókìkí jù lọ ní Japan. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ gan-an. Bí Ikeda ṣe ń to èrò rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ jọ Soseki lójú débi pé òun náà pinnu láti fi ojú sáyẹ́ǹsì wo iṣẹ́ lítíréṣọ̀ tirẹ̀. Ọdún 1901 yẹn náà ni Ikeda padà sí Tokyo, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ìkòkò tofu tó da ìbéèrè sílẹ̀

Ọdún 1907 lọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ìyàwó rẹ̀ ra ìdì kombu kan tó dára wálé. Nílé wọn, bíi ti ọ̀pọ̀ ilé ní Japan, wọ́n máa ń fi kombu sínú omi lórí iná, wọ́n á wá gbé tofu sínú omi náà kó gbóná. Fún ẹni tí kò bá mọ tofu, ó jọ wàrà tí wọ́n ń fi ẹ̀wà sóyà ṣe tí wọ́n ń tà ní Ìlọrin: ó funfun, ó rọ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní adùn tirẹ̀. Kò sí ẹran nínú ìkòkò yẹn. Kò sí ẹja. Kò sí epo. Síbẹ̀, ó ń dùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn á jẹun tán, wọ́n á nu ẹnu, wọ́n á dìde. Ikeda ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ mọ ohun tó ń dùn nínú omi tí kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju ewé òkun lọ.

Nígbà yẹn, ohun tí àwọn onímọ̀ gbà ni pé nǹkan mẹ́rin péré ni ahọ́n lè tọ́ wò: adùn bíi ti ṣúgà, iyọ̀, ìkan bíi ti ọsàn wẹ́wẹ́, àti ìkorò bíi ti ewúro. Adùn omi kombu ò bá ìkankan nínú wọn mu. Ikeda tún kíyè sí i pé irú adùn kan náà wà nínú tòmátò, nínú wàrà gbígbẹ àwọn òyìnbó, nínú ẹran, àti nínú ewébẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní asparagus. Ó ní láti jẹ́ pé ìtọ́wò karùn-ún wà tí wọn ò tíì fún lórúkọ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú, kò bọ́ sí i. Ohun tó kọ́kọ́ yọ jáde nínú omi kombu ni mannitol, oríṣi ṣúgà kan, kì í sì í ṣe òun ló ń wá. Ó pa iṣẹ́ náà tì díẹ̀. Àfìgbà tó ka ìwé tí oníṣègùn kan, Hiizu Miyake, kọ pé oúnjẹ tó bá dùn lẹ́nu máa ń jẹ́ kí ara tètè dà á. Ọ̀rọ̀ yìí ta á jí. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ẹni tó bá lè mú kí oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú dùn, ó ti ran ara àwọn tálákà lọ́wọ́ nìyẹn. Ló bá padà sídìí iṣẹ́.

Kìlógíráàmù 12 kombu, gíráàmù 30 péré

Lóòótọ́, iṣẹ́ náà le. Nǹkan bíi kìlógíráàmù 12 kombu gbígbẹ ló rẹ sómi. Ó sè é títí omi fi gbẹ kù díẹ̀, ó yọ iyọ̀ kúrò, ó yọ mannitol kúrò, ó ń yọ àwọn èròjà tí kò wúlò kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí èèyàn ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, nǹkan bíi gíráàmù 30 ló kù sílẹ̀. Síbí ìjẹun bíi méjì, ó pọ̀ jù mẹ́ta, ló máa gbà á.

Ohun tó rí ni ásíìdì glutamic. Kì í ṣe pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó rí èròjà yìí o. Karl Heinrich Ritthausen, ọmọ Jámánì, ti rí i nínú àlìkámà láti ọdún 1866. Ó ti wà nínú ìwé fún nǹkan bí 40 ọdún, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni adùn ọbẹ̀ wà. Bí wọ́n bá tọ́ ọ wò, ó ń kan lẹ́nu. Ikeda ló rí i pé bí wọ́n bá pa ìkan ásíìdì náà, tí ó di iyọ̀, adùn omi kombu yẹn gan-an ló máa jáde.

Ó dán oríṣiríṣi wò: ó pò ó mọ́ kálísíọ́mù, ó pò ó mọ́ pòtásíọ́mù, ó pò ó mọ́ sódíọ́mù. Èyí tí wọ́n pò mọ́ sódíọ́mù ló tètè ń yọ́ nínú omi, tí kì í ṣòro tọ́jú, tó sì dùn jù. Òun ni wọ́n ń pè ní monosodium glutamate, orúkọ tẹ́ ẹ máa ń rí lẹ́yìn páálí magí àti nudù. Oṣù Kẹrin ọdún 1908 ló gbé ìwé lọ sọ́dọ̀ ìjọba pé kí wọ́n fún òun ní ẹ̀tọ́ lórí ọ̀nà tóun fi ṣe é. Nígbà tó máa fi di oṣù Keje ọdún náà, ìwé ẹ̀tọ́ ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́.

Ó pe ìtọ́wò tuntun náà ní umami. Inú ọ̀rọ̀ Japan kan tó túmọ̀ sí pé nǹkan dùn lẹ́nu ló ti yọ ọ́. Àwa Yorùbá gan-an ló yẹ kó tètè yé. Ṣebí a máa ń sọ pé oyin dùn, a sì tún máa ń sọ pé ẹ̀fọ́ rírò dùn. Kò sẹ́ni tó máa gbọ́ èyí kejì tó máa rò pé ṣúgà ni wọ́n dà sínú ẹ̀fọ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, àmọ́ ahọ́n wa mọ̀ pé adùn méjì ni. Adùn kejì yẹn ni Ikeda fún lórúkọ.

Bó ṣe dé ọjà

Ọ̀jọ̀gbọ́n ni Ikeda, kì í ṣe oníṣòwò. Ẹni tó bá a gbé e dé ọjà ni Saburosuke Suzuki, oníṣòwò kan tí ìdílé rẹ̀ ti ń yọ áyódíìnì nínú ewé òkun tà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ 20, oṣù Karùn-ún, ọdún 1909 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fáráyé, wọ́n sì pè é ní Ajinomoto. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìpìlẹ̀ adùn. Àṣé gbogbo ìgbà tá a bá rán ọmọ ní Ajinomoto lójúde, èdè Japan la ń sọ.

Iná ò tètè ràn o. Kombu ti wọ́n jù láti fi ṣe é púpọ̀, nítorí náà àlìkámà ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fi ásíìdì líle se purotéènì inú rẹ̀ títí á fi túká. Ásíìdì ọ̀hún ń jẹ ìkòkò irin, ìkòkò amọ̀ ni wọ́n padà lò. Èéfín àti òórùn rẹ̀ ń da àwọn aládùúgbò láàmú, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n kó ilé iṣẹ́ náà lọ sí Kawasaki lọ́dún 1914.

Ìṣòro tó tóbi jù ni ti iye owó. Ohun tí Ikeda tìtorí tálákà ṣe, nígbà tó kọ́kọ́ jáde, àwọn tó rí jájẹ ló lè rà á. Ìgò kékeré ló máa ń wà nínú rẹ̀, ilé àwọn olówó nìyá ìdáná ti ń wọ́n ọn sórí oúnjẹ. Ó gba ọdún púpọ̀ kó tó di ohun tí mẹ̀kúnnù lè rà. Láti ọdún 1956 ni wọ́n ti rí ọ̀nà mìíràn: àwọn kòkòrò àìfojúrí ni wọ́n ń fún ní omi ìrèké tàbí sítáàṣì, wọ́n á sì jẹ́ kó kan títí àwọn kòkòrò náà á fi ṣe glutamate jáde. Bí àwa náà ṣe ń jẹ́ kí ògì kan nìyẹn, àfi pé tiwọn tóbi ju tiwa lọ.

Wọ́n ní ejò ni!

Bí Ajinomoto ṣe ń gbajúmọ̀ ni ahesọ ń tẹ̀ lé e. Nílẹ̀ Japan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan gba ìgboro pé ejò ni wọ́n ń lọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ náà ní láti gbé ìkéde jáde nínú ìwé ìròyìn pé irọ́ ni, pé àlìkámà làwọn ń lò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ má tíì rín tán. Lọ́dọ̀ wa náà ńkọ́? Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí pé Ajinomoto ni wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun, torí náà pé ó máa fọ ìfun èèyàn? Ilé iṣẹ́ West African Seasoning ti ń ta á ní Nàìjíríà láti ọdún 1991, àmọ́ ahesọ yẹn kò tíì kúrò lẹ́nu àwọn èèyàn.

Ní Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rù náà bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1968, nígbà tí dókítà kan, Robert Ho Man Kwok, kọ lẹ́tà sí ìwé àwọn oníṣègùn pé bóun bá jẹun ní ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ọrùn òun máa ń kú tìrìrì, àyà òun á sì máa lù. Ó dárúkọ nǹkan mélòó kan tó lè fà á, glutamate sì wà lára wọn. Òun nìkan làwọn èèyàn gbá mú. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sára ògiri pé àwọn ò lò ó.

Kí wá ni òtítọ́ ibẹ̀? Wọ́n ti ṣe ìwádìí lé e lórí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ìyẹn FDA, kà á mọ́ àwọn ohun tí kò léwu nínú oúnjẹ. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1995 sọ pé àwọn kan wà tí orí lè fọ́ díẹ̀ tàbí tí ara wọn lè gbóná fún ìgbà kúkúrú bí wọ́n bá lo gíráàmù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹun mọ́ ọn. Èyí tó máa ń wà nínú abọ́ oúnjẹ kan kì í sábà tó gíráàmù kan. Ẹ sì rántí pé glutamate kan náà yìí wà nínú tòmátò, nínú ẹran, kódà ó pọ̀ nínú omi ọmú tí ìyá ń fún ọmọ.

Àmọ́ ẹ gbọ́ ná. Pé kì í ṣe májèlé kò ní ká máa dà á bí ìyẹ̀fun. Sódíọ́mù wà nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta èyí tó wà nínú iyọ̀ lọ. Wàhálà ọ̀pọ̀ ilé ni pé wọ́n á da iyọ̀, wọ́n á fọ́ magí mẹ́ta sí i, wọ́n á tún wá wọ́n Ajinomoto lé e. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru ò gbọ́dọ̀ dán irú ẹ̀ wò. Bí a bá lo ọ̀kan, ká dín èkejì kù.

Ohun kejì tó tún yẹ ká sọ ni pé adùn kì í ṣe oúnjẹ. Ikeda fẹ́ kí oúnjẹ tó ń ṣara lóore dùn, kí àwọn èèyàn lè jẹ ẹ́ dáadáa. Bí wọ́n bá wọ́n ìpìlẹ̀ adùn sórí ìrẹsì funfun lásán tí kò ní ẹ̀wà, tí kò ní ẹja, tí kò ní ẹ̀fọ́, ahọ́n lè gbà, àmọ́ ara ọmọ kò rí nǹkan kan gbà níbẹ̀.

Ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fi kún un

Lọ́dún 1913, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ Ikeda, Shintaro Kodama, rí orísun umami mìíràn, ìyẹn inosinate, nínú ẹja bonito gbígbẹ tí àwọn ará Japan máa ń fá wẹ́wẹ́ sínú ọbẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn onímọ̀ tún rí i pé bí ti ewé òkun àti ti ẹja bá pàdé nínú ìkòkò kan, adùn wọn máa ń ju ti ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ fíìfíì.

Àwọn ìyá wa ò nílò yàrá ìwádìí kí wọ́n tó mọ èyí. Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń fi irú pẹ̀lú ẹja gbígbẹ se ẹ̀fọ́? Èso igi igbá tí wọ́n fi ń ṣe irú kún fún purotéènì. Bí wọ́n bá sè é, tí wọ́n bò ó mọ́lẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí kan tó ń jẹ́ Bacillus subtilis á tú purotéènì náà ká, glutamate á sì jáde. Ẹja gbígbẹ á mú tirẹ̀ wá. Méjèèjì á pàdé, ilé á gba òórùn. Ìdílé kòkòrò kan náà ni àwọn ará Japan fi ń ṣe natto, ẹ̀wà sóyà tó ń fà yọ̀ọ̀, tó sì ń rùn bí irú. Àwa àti wọn ò mọra, àmọ́ ìkòkò wa mọra.

Ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀

Ikeda ò fi iṣẹ́ mọ sórí ọbẹ̀. Ó wà lára àwọn tó dá ilé ìwádìí ńlá tí wọ́n ń pè ní RIKEN sílẹ̀ lọ́dún 1917, ó sì darí ẹ̀ka kẹ́místìrì níbẹ̀. Ọdún 1923 ló fẹ̀yìn tì ní yunifásítì. Dípò kó jókòó sílé, ó padà sí Jámánì lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó sì ń bá ìwádìí lọ níbẹ̀ títí di ọdún 1931. Ọjọ́ 3, oṣù Karùn-ún, ọdún 1936 ló jáde láyé ní Tokyo. Ọmọ ọdún 71 ni.

Kò pẹ́ láyé tó láti rí i kí gbogbo ayé gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́. Ó pẹ́ gan-an tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ òyìnbó fi ń jiyàn pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ ìtọ́wò karùn-ún. Lọ́dún 1985, ìjọba Japan ka Ikeda mọ́ àwọn olùdásílẹ̀ ńlá mẹ́wàá ilẹ̀ náà. Láàárín ọdún 2000 sí 2002 ni àwọn onímọ̀ wá rí ibi tí ahọ́n ti ń gba umami wọlé gan-an. Ó ti lé ní 60 ọdún tó ti kú kí wọ́n tó rí i.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò nílé

Ẹni tó bá rí kombu rà, kó fi gíráàmù 10 sínú omi lítà kan fún ìdajì wákàtí. Kó rọra gbé e kaná, kó sì yọ ewé náà kúrò kí omi tó hó, torí bó bá hó mọ́ ọn, ó lè korò. Omi náà dára fún ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, fún ìrẹsì, àti fún nudù.

Ẹ tún lè ṣe sàláàdì apálá bíi ti àwọn ará Japan, tí wọ́n ń pè ní sunomono. Ẹ gé apálá, ìyẹn kùkúḿbà, 2 sí wẹ́wẹ́ tó fẹ́lẹ́. Ẹ fi ìdajì síbí tíì iyọ̀ pa á, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ wá fún omi rẹ̀ dànù. Ẹ po síbí ìjẹun 2 fínígà mọ́ síbí tíì kan ṣúgà àti síbí tíì kan sọ́ọ̀sì sóyà, kẹ́ ẹ dà á sí i. Ẹ wọ́n yànmọ̀tí tẹ́ ẹ ti yan lé e lórí. Ó bá ẹja yíyan mu gan-an.

Èyí tó rọrùn jù ni ti tòmátò. Ẹ wá èyí tó pọ́n dáadáa, torí bó bá ṣe pọ́n tó ni glutamate inú rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ẹ gé e, ẹ rẹ́ àlùbọ́sà sí i, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ àti fínígà díẹ̀ sí i, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Omi tó bá sun sísàlẹ̀ abọ́, ẹ má dà á nù o. Umami nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ lo Ajinomoto fúnra rẹ̀, ìdajì síbí tíì tó fún ìkòkò ọbẹ̀ tí èèyàn 4 sí 6 máa jẹ, kó sì dín iyọ̀ kù. Ẹni tí kò bá fẹ́, irú ń bẹ lọ́jà.

Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òótọ́ lọ̀rọ̀ àgbà. Àmọ́ Ikeda wo inú ìkòkò tí kò sí ẹran, tí kò sí ẹja, ó sì rí i pé owó nìkan kọ́ ló ń pa ọbẹ̀. Ìmọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: ti ìyàwó rẹ̀ tó mọ kombu rà, ti àwọn ìyá wa tó mọ irú ṣe. Ohun tí àwọn obìnrin ti mọ̀ nídìí ààrò láti ọjọ́ pípẹ́ lòun wá ìdí rẹ̀, tó sì fún lórúkọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá tún ṣí ìkòkò ẹ̀fọ́ lálẹ́ òní, tí òórùn irú bá gba ilé kan, ẹ rántí rẹ̀.